Bí oògùn olóró ṣe ń wọ ara, tó sì ń wọ ilé

Bí ebi bá pa èèyàn tó sì jẹun yó, tàbí tó fojú kan ẹni tó ti ń wá tipẹ́, ọpọlọ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara létí pé ohun tó ṣe yẹn dára, kó tún un ṣe. Lọ́dún 1954, James Olds àti Peter Milner ní Yunifásítì McGill ní Kánádà ki wáyà bọ inú ọpọlọ eku, wọ́n sì gbé irin kan síwájú rẹ̀ tó lè máa tẹ̀ kí iná díẹ̀ kàn án níbẹ̀. Eku ò yéé tẹ irin. Kokéènì, heroin, tramadol, ọtí: ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé yàtọ̀, àmọ́ irin yẹn náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀.

Ọpọlọ ò ní káwọ́ gbera máa wò ó. Tí èròjà yìí bá ń ya wọlé lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìwọ̀n tó pa èèyàn bí ọtí lóṣù tó kọjá ò ní tó mọ́, ni yóò bá fi kún un. Èyí tó burú jù ni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ayọ̀ ojoojúmọ́ ń gbà wọlé: oúnjẹ ò ládùn mọ́, ẹ̀rín ọmọ ò wọ̀ ọ́ lára. Ibẹ̀ ni oògùn ti di bárakú. Kì í ṣe torí ìgbádùn ló fi ń lò ó mọ́, ó ń lò ó kó lè dìde lórí ibùsùn bí èèyàn ni. Ẹni tó bá ní ó ń jayé orí rẹ̀ kò tíì rí i láàárọ̀ tí kò rí heroin lò: imú ń ṣomi, egungun ń ro ó, ó ń gbọ̀n, ó sì ń làágùn. Ti ọtí tún léwu jùyẹn lọ. Ẹni tó ti ń mu ún lámujù fún ìgbà pípẹ́, tó wá já a lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Dókítà ló yẹ kó bá a dá sí i.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Tí ẹni tó ń lo heroin tàbí irú rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ á ti gbàgbé. Tó bá padà sídìí rẹ̀, tó lo ìwọ̀n àtijọ́, èémí rẹ̀ lè máa falẹ̀ títí á fi dá. Oògùn tó ń jẹ́ naloxone lè dá èémí náà padà bí wọ́n bá tètè lò ó, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tán kí ti oògùn olóró tó tán, torí náà ilé ìwòsàn ló ṣì kàn.

Ohun tí ọpọlọ ṣe yẹn ni ilé náà ń ṣe: á bá ọ̀ràn náà mọra. Ìyá á ti mọ̀ látinú ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bóyá alẹ́ ọjọ́ náà máa rọgbọ. Ìyàwó á máa tọ́jú owó sínú bàtà, á pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé ara ọkọ òun ò yá, á san gbèsè tí kò jẹ. Ọmọ tó mókè nílé ìwé, kò sẹ́ni tó béèrè èsì ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó jáde láàárọ̀, ọmọ ọdún 9 á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, á máa wo aṣọ tó fi bora, bóyá ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ìdílé kọ́ ló sì dá àìsàn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n bá a san àti irọ́ tí wọ́n bá a pa ń mú kí ìyà tí oògùn fà yẹ̀ lórí ẹni tó ń lò ó, kó já lé àwọn tó kù.

“Tó bá fẹ́ràn wa, á jáwọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n nínú ìjà. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń ro ọ̀la kéèyàn tó ṣe nǹkan, ni oògùn ti sọ di ahẹrẹpẹ. Apá yẹn ló ń gbẹ̀yìn gbó, ó di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ìyẹn wà lára ìdí tí oògùn fi ń tètè di bárakú fún ọ̀dọ́. Ìfẹ́ lè wà níbẹ̀, kó má lágbára tó.

Ìtọ́jú wà. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà méjì, Vincent Dole àti Marie Nyswander, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn kan tó ń jẹ́ methadone tọ́jú àwọn tí heroin ti di bárakú fún ní New York. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe déédéé, kì í pa wọ́n bí ọtí. Ó ń mú kí ara wọn rọlẹ̀ kí wọ́n lè lọ síbi iṣẹ́. Fún àwọn ará ilé ọ̀mùtí, ẹgbẹ́ Al-Anon ti wà láti 1951.

Ilé kì í tètè gbà pé wàhálà ti tán. Bàbá lè ti jáwọ́ fún odindi ọdún kan, kó máa sùn dáadáa, ọmọ á ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á wo aṣọ yẹn kó lọ sókè, kó lọ sílẹ̀, kó tó gbé báàgì rẹ̀.