Òòfà Tó Máa Ń Gbàgbé

Ọmọ tó bá ti tú rédíò bàbá rẹ̀ rí mọ ibi tí òòfà wà: ẹ̀yìn sípíkà. Bí òjò bá dá l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí àgbàrá ti ṣàn kọjá, ọmọ náà á so òòfà mọ́ okùn, á máa wọ́ ọ nínú yanrìn, erukù dúdú á sì hù sí i lára bí irùngbọ̀n. Púpọ̀ nínú erukù yẹn, magnetite ni, ìbátan ìpẹtà. Ohun kan náà làwọn olùwádìí ń sè láti fi tọ́jú aláìsàn, àfi pé tiwọn kéré débi pé èyí tó jẹ́ nanometer 10, bíi 8,000 rẹ̀ la máa tò kó tó kárí ìbú irun orí kan.

Sísè rẹ̀ kò le. Wọ́n á po iyọ̀ irin oríṣi méjì nínú omi, ìwọ̀n kan ti èkíní, méjì ti èkejì, wọ́n á máa kán amóníà sí i, wọ́n á máa rò ó. Omi tó pọ́n bíi tíì á ṣàdédé dúdú. Ẹni tó bá ti ro àmàlà mọ ìyókù: ọwọ́ dúró, kókó dé. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tó ń rò ó dákẹ́, èérún kan á tóbi, òmíràn á kéré, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí ìwọ̀n ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé òòfà tó máa wọ ara èèyàn gbọ́dọ̀ máa fà nígbà gbogbo. Rárá o. Irú èyí á máa fa ara wọn mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ṣù pọ̀, wọ́n á dí iṣan. Òòfà tó máa ń gbàgbé ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo àwọn ọmọdé lọ́jọ́ eégún. Ibi tí eégún bá kọjú sí, ibẹ̀ ni gbogbo orí ń yí sí. Bó bá ti wọ ìgbàlẹ̀ báyìí, kálukú ti gba tirẹ̀ lọ: ọ̀kan ń lé ewúrẹ́, ọ̀kan ń wo òkè, òmíràn ń bá àbúrò rẹ̀ jà. Àgbàlagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé àga kalẹ̀, bó ṣe kọjú náà ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èérún magnetite tó bá kéré ju nǹkan bíi nanometer 20 lọ, ọmọdé ni. Ooru lásán tó wà láyìíká rẹ̀ ti tó láti máa yí i kiri. Gbé òòfà sún mọ́ wọn, gbogbo wọn á kọjú síbì kan. Gbé e kúrò, kò sí èyí tó rántí. (Àwọn ọmọ kan wà tí eégún á wọlé tán, tí wọ́n á ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èérún tó tóbi jù nìyẹn.)

Ojú lásán rí i. Wọ́n á fi òòfà sábẹ́ ife, dúdú á wálẹ̀, wọ́n á da omi tó mọ́ lókè nù. Wọ́n á yọ òòfà, wọ́n á bu omi tuntun sí i, wọ́n á mì í: ó ti tú ká bíi tàdáwà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi nǹkan bíi dextran, ṣúgà oríṣi kan, bò ó lára kó má baà lẹ̀ mọ́ra.

Nínú àwòrán MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ibi tí èérún náà bá dé máa ń dúdú. Ní Jámánì, wọ́n ti fi òòfà oníná tó ń yí ojú padà bíi 100,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan mú un gbóná nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ, kí ooru náà lè bá jẹjẹrẹ náà jà.

Ní LAUTECH, yunifásítì tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, òwú aláǹtakùn, èèpo kòkó àti èèpo obì ni wọ́n ti fi ṣe èérún fàdákà. Níbòmíràn, oje ewé ni wọ́n fi ń ṣe ti irin. Ó dára, kò sì wọ́n. Àmọ́ ewé ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ orí ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Ti pé ká gbé òòfà lé ikùn kó fa oògùn lọ síbi tó jìn nínú ara, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí agbára òòfà tètè ń tán bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí i. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ nílò òòfà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ á he èérún náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, ara á sì fi irin rẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ìdí rèé tí Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ferumoxytol, ní 2009 fún aláìsàn kíndìnrín tí irin ẹ̀jẹ̀ wọn ti dín kù.