Ẹ Yé E Sọ Pé Kí Màmá Jókòó

Ìyá kan ní Mòórè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni àwọn ọmọ wọn gbé wá sọ́dọ̀ mi nítorí orúnkún. Ibi tí mo ti ń yẹ orúnkún wò ni àbígbẹ̀yìn wọn ti là á pé kì í ṣe orúnkún nìkan o: màmá kì í fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ kì í wù wọ́n, wọ́n a sì béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi í pé kí ni màmá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fi yangàn: "A kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan, sà. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà, àga wọn sì wà lọ́dẹ̀dẹ̀."

Àga yẹn gan-an lẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú ara, ni mò ń ṣe n'Ífẹ̀ yìí, mo sì ti rí i pé ìjókòó la fi ń bọlá fágbà. Bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń rìn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ ń pọ̀ sí i, tí ara sì ń pèsè àwọn èròjà tó ń bọ́ ọpọlọ. Apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí a máa súnkì bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí 120 àgbàlagbà, ẹni ọdún 55 sí 80. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù kàn ń na ara. Lẹ́yìn ọdún kan, apá ọpọlọ yẹn ti fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i lára àwọn tó ń rìn. Ti àwọn yòókù tún súnkì ni. Ìṣẹ́jú 10 péré ni àwọn tó ń rìn fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi di 40.

Ohun tí mo ní kí màmá ṣe nìyẹn: ìṣẹ́jú 10, nírọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Kí aládùúgbò kan bá wọn lọ, torí lójú tèmi, ìdajì oògùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sọ lọ́nà. Kí wọ́n tún máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe irú eré ìdárayá tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó má baà máa ṣubú. Ẹni tó ti ṣubú rí a máa bẹ̀rù ìta, ìbẹ̀rù náà a sì tì í mọ́lé.

Bí mo bá ń sọ èyí, àwọn ìyá Ọjà Tuntun á ní, "Dókítà (mi ò kì í ṣe dókítà, wọn ò gbà ni), àwa tí à ń ru gàrí látàárọ̀ ńkọ́?" Lóòótọ́, ara ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹrù ṣe wà lórí ni gbèsè wà lọ́kàn. Ìrìn tàbí eré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni ìwádìí fi hàn pé ó ń fún ọkàn nísinmi jù, ju iṣẹ́ agbára tí àìrówó ń lé ni ṣe lọ. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tó fún àgbà. Ijó òde Sátidé wà lára rẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra bàtà eléré.

Ti ọmọdé ò pọ̀ lẹ́nu mi. Wákàtí kan lójúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fi sáré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ́ lẹ́sìn lẹ́yìn iléèwé rọ́pò tẹ́ńtẹ̀ń àti bojúbojú, ẹ mọ ara yín.

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ìrìn pa oògùn tì.

Màmá Mòórè ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà míì. Àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ń lọ ra ata báyìí, aláta sì ti ń ráhùn pé wọ́n ń ná ọjà jù.