Bí Jọ́nà Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn Ṣe Kúrò Lórí Pẹpẹ Ìwé Dé Orí Fóònù

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó kárí Ìbàdàn, ìsọ̀ fọ́tòkọ́pì ní Agbowó ni ilé ìkàwé kejì fún ẹni tó bá ń kọ́ nípa ẹ̀sìn. Ẹnìkan á rí àpilẹ̀kọ kan ní Yunifásítì, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tún ti ara ẹ̀dà yẹn ṣe òmíràn. Kó tó dé ọwọ́ ẹni kẹrin, àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ á ti parẹ́. Mo ka irú rẹ̀ rí, mo sì fi bíírò dá àmì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí à ń wá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 1967, nígbà tí Bọ́lájí Ìdòwú ń darí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwádìí wọn sí, tó ń jẹ́ Orita. Orúkọ yẹn bá a mu: ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì àti Ìsìláàmù pàdé níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pàdé nínú agbo ilé kan ṣoṣo nílùú yìí. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Olódùmarè.

Ṣùgbọ́n bébà tó ní ásíìdì nínú kì í tọ́jọ́. Ásíìdì náà a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á pọ́n, á sì máa rún bí ewé gbígbẹ. Ní Amẹ́ríkà, ATLA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé sórí máíkírófíìmù, fíìmù tí àwòrán ojú ìwé kéékèèké wà lórí rẹ̀, láàárín 1950 sí 1960. Ìwé kò kú mọ́, àmọ́ ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó kò lè kà á. Wọ́n dá JSTOR sílẹ̀ ní 1995 láti kó jọ́nà àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà náà, ilé ìkàwé tó bá sanwó ló ń rọ́nà wọlé. AJOL tẹ̀ lé e ní 1998, fún jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn ìpàdé kan ní Budapest, ìkéde jáde lóṣù Èrèlé 2002 pé kí gbogbo ayé lè ka iṣẹ́ ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní títọ́jú ìwé, tó di fífún èèyàn ní ìwé kà.

Iṣẹ́ gbígbé jọ́nà àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò yá. Wọ́n á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Òfin Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà àpilẹ̀kọ 1967 ṣì ní ẹni tó ni ín. Bí bàbá bá ti lọ, ó lè di ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni sikáánà á ya àwòrán ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ̀rọ tó wá ka àwòrán náà di ọ̀rọ̀ tí a lè wá. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Tesseract. Ilé iṣẹ́ HP ló ṣe é láàárín 1985 sí 1994, ó sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2005.

Ibi tí ọkàn mi wà nìyí: irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa ka ọ sí o, a máa ka ṣ sí s, a sì máa da àmì ohùn nù. Ẹni tó bá wá Ọ̀rúnmìlà, kọ̀ǹpútà lè sọ fún un pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú ìwé gbangba. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ jókòó, kó gbé ìwé náà síwájú, kó máa dá àmì padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń fi bíírò ṣe é nígbà Agbowó.