"Pé": Ohun Tí Ojú Rí Tí Ọwọ́ Kò Lè Bà

Ní Nyanya, l'Abuja, ìyá kan lè jí láàárọ̀, kó ṣí kẹ́ẹ̀gì, kó sì ké sí ọmọ rẹ̀: "Omi ti tán o, sáré pe mai ruwa wá." Kẹ́ẹ̀gì ní àwọ̀, ó ní ọrùn, ó ṣeé tò sórí ọmọlanke. Pé omi ti tán ńkọ́? Kò láwọ̀, kò ṣeé gbé. Síbẹ̀, òun gan-an ni ìyá yìí rí tó fi figbe bọnu.

Sachverhalt ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì ń pe irú "pé" bẹ́ẹ̀. A lè pè é ní "bí ọ̀rọ̀ ṣe rí". Ẹ̀kọ́ fẹnomẹnọ́lọ́jì, tó ń wo bí nǹkan ṣe ń fara han ọkàn, ti tú u wò dáadáa. Nínú iṣẹ́ ńlá tí Edmund Husserl, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tó dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, gbé jáde ní 1900 àti 1901, ó ní ìríran kan máa ń dúró lórí òmíràn. Ojú á kọ́kọ́ rí kẹ́ẹ̀gì lódidi. Lẹ́yìn náà ni ọkàn á yọ àwọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, á tún so ó mọ́ ọn: kẹ́ẹ̀gì yìí dúdú. Síso yẹn kì í ṣe àwọ̀ kankan, àmọ́ bí ojú kò bá kọ́kọ́ ríran, kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀.

Èdè Yorùbá fi èyí hàn kedere. Ẹni tó bá sọ pé "kẹ́ẹ̀gì dúdú" kàn dárúkọ nǹkan ni, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn pé irọ́ ni. Jẹ́ kó sọ pé "kẹ́ẹ̀gì yìí dúdú", àyè òótọ́ àti irọ́ ti ṣí nìyẹn.

Adolf Reinach, tó bá Husserl ṣiṣẹ́ ní Göttingen, ní Jámánì, kó tó kú sójú ogun ní 1917, ló la ọ̀rọ̀ náà yé jù, nínú àròkọ kan ní 1911. A kì í gba kẹ́ẹ̀gì gbọ́. Pé omi wà nínú rẹ̀ la ń gbà gbọ́. Ìdí àti àbájáde náà, àárín "pé" kan sí òmíràn ló wà: pé omi tán ló fà á pé ẹ̀bà kò tíì ṣeé tẹ̀.

"Pé kò sí" ló ṣòro jù. Ojú kì í dédé rí àìsí. Ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ ni ojú rí, ìbéèrè tó wà lọ́kàn ìyá náà, ṣé omi ṣì kù, ló sọ gbígbẹ yẹn di "kò sí". Àlejò tó bá yọjú wo kẹ́ẹ̀gì kan náà lè má ronú kan omi rárá. Ṣùgbọ́n Reinach kò gbà pé ọkàn ìyá náà ló dá àìsí omi sílẹ̀, òótọ́ sì ni. Láti alẹ́ àná tí ẹnì kan ti bu ife ìkẹyìn ni omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì náà, nígbà tí àwọn ará ilé yòókù ṣì ń sùn.