Sẹ́ẹ̀lì T apẹ̀tùsíjà nínú oyún obìnrin tó ní àìsàn ìfun wíwú

Sẹ́ẹ̀lì T apẹ̀tùsíjà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Treg, wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yòókù ń gbógun ti kòkòrò àrùn. Tiwọn ni láti tẹ ogun náà lórí ba, kó má di pé ara ń ba ara jẹ́. Shimon Sakaguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló fi wọ́n hàn ní 1995. Ní 2025, òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn.

Ọ̀dọ̀ bàbá ni ìdajì ohun tí ọmọ inú oyún jogún ti wá, nítorí náà ara ìyá lè kà á sí àjèjì. Treg ni kì í jẹ́ kó bá a jà. Wọ́n ń pọ̀ sí i nínú ilé-ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, wọ́n sì ń dín kù bí ìkúnlẹ̀ bá ń sún mọ́lé.

Nínú àìsàn ìfun wíwú, ìyẹn àìsàn Crohn àti ọgbẹ́ ìfun ńlá, apá Treg kì í ká ìjà mọ́. Bí àìsàn bá gbóná, Treg inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dín kù. Èyí tó wà lára ìfun lè pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun kì í gbọ́ tiwọn. Oyún nìkan kò lè tún èyí ṣe. Bí àìsàn bá ti rọlẹ̀ kí obìnrin tó lóyún, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò tún rí i kó gbérí, bíi ti ẹni tí kò lóyún. Bó bá gbóná nígbà tí oyún dúró, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kì í rọlẹ̀ fún, ewu oyún wíwálẹ̀ àti ìbímọ oṣù-ò-pé sì ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ní kí àìsàn rọlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí obìnrin tó lóyún. Methotrexate kò gbọ́dọ̀ bá oyún pàdé rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ oògùn yòókù ṣeé lò lọ. Kí aboyún dá oògùn dúró nítorí ìbẹ̀rù léwu ju kó lò ó lọ.

Ní Èkìtì, ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó lè jẹ́ àmì ìfun wíwú, sábà máa ń kọ́kọ́ rò pé jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, àgbo ni yóò sì wá lọ. Kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ ìfun láti ojú ihò ìdí, pẹ̀lú ẹran ara bíńtín tí wọ́n bù fún àyẹ̀wò, ló ń fi òótọ́ hàn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó-Èkìtì àti ní Ìdó-Èkìtì.

Ohun kan wà tó yẹ kí ìyá sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó bímọ. Ní Nàìjíríà, kété tí wọ́n bá bí ọmọ ni wọ́n ń gún un ní BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní apá òsì lókè. Kòkòrò tó wà láàyè ni BCG, wọ́n kàn sọ ọ́ di aláìlágbára ni. Infliximab àti adalimumab, oògùn tó ń dín agbára ìjà ara kù, tí wọ́n fi ń tọ́jú ìfun wíwú, ń gba ibi-ọmọ kọjá sára ọmọ, pàápàá lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 2010, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ọmọ ọwọ́ kan tí BCG pa lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lo infliximab nínú oyún. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sún BCG síwájú, ó lè tó oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu náà ní kòkòrò tó wà láàyè, ó sì yẹ kí dókítà dá sí i. Àwọn àjẹsára tí kò ní kòkòrò ààyè, irú ti àrùn ẹ̀dọ̀ B, kò ní ìdíwọ́ kankan. Ọjọ́ wọn kò yẹ̀.