Oòrùn Gẹ́gẹ́ Bí Fìtílà fún Iyùn Inú Ilé

Iyùn pupa tí ìyàwó ń so mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rẹ́ oòrùn. Irú iyùn yẹn, tí àwọn oníṣòwò ti ń kó wá láti òkun Mẹditaréníà láti ayébáyé, abẹ́ àpáta àti ibi jíjìn tí ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ló ti ń dàgbà, ohun tí omi bá gbé kọjá ló sì ń jẹ. Àwọn iyùn tí àwọn oníbàárà mi ń sìn nínú táǹkì dígí ní Houston níbí, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí i pátápátá. Nínú ẹran ara tiwọn ni àwọn ewéko tíntìntín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fún iyùn tó gbà wọ́n sílé ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí irú iyùn bẹ́ẹ̀ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó, ebi ni yóò pa á, ìbáà jẹ́ pé inú omi tó mọ́ gaara ló wà.

Ìdí nìyí tí iná fi wà lára ohun tó ń náni lówó jù nínú iṣẹ́ sísin iyùn yìí. Bí mo bá ti ka iye owó iná LED sí ènìyàn létí tán, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: oòrùn tó ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú fèrèsé yìí ńkọ́, ṣé kò lè ṣe é ni? Èsì mi ni pé ó lè ṣe é, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, ibi tó ti pọ̀ jù yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Kì í ṣe àrà tuntun. Ní 1961, Lee Chin Eng, tó ń gbé Jakarta ní Indonéṣíà, kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń fi oòrùn sin iyùn àti ẹja òkun, pẹ̀lú òkúta òkun tí ohun abẹ̀mí kún ara rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Jakarta wà ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé bí Èkó ṣe wà ní àríwá rẹ̀, ìwọ̀n mẹ́fà àti díẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi jìnnà sí i, nítorí náà gígùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ní Townsville ní Ọsirélíà, wọ́n ṣí táǹkì iyùn ńlá kan tó gba lítà omi mílíọ̀nù 2.5 ní 1987, oòrùn ojú ọ̀run ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i nígbà náà. Ti Houston le díẹ̀ ju tiwọn lọ. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí wa, ìwọ̀n 84 sí ilẹ̀, ojúmọ́ a sì gùn tó wákàtí 14. Ní oṣù kejìlá, oòrùn yẹn kò ju ìwọ̀n 37 lọ, ojúmọ́ a sì dín sí wákàtí 10 àti díẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń pè ní PAR meter, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò. Bí ẹ bá gbé e síta lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò kà tó nǹkan bí 2,000. Iyùn aláwọ rírọ̀ máa ń ṣe dáadáa láàárín 50 sí 150, àwọn eléegun tó yọ ẹ̀ka bí igi sì ń fẹ́ nǹkan bí 200 sí 350. Ẹni tó bá rò pé iyùn òkun ti mọ́ oòrùn lára, kó rántí pé omi ló bo iyùn lórí. Iyùn ti wa ní Texas wà ní Flower Garden Banks, ibi ìpamọ́ tó fi ohun tó lé ní 110 kìlómítà jìnnà sí etíkun, ibi tó sì súnmọ́ ojú omi jù níbẹ̀ ṣì jìn tó nǹkan bí mítà 17. Kí oòrùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, omi ti gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀, ó sì ti mu ìmọ́lẹ̀ pupa tán, èyí tó kù jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Omi inú táǹkì wa kì í jìn ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ṣì ṣeé bò lójú. Ooru ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ojú ìwọ̀n tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ń gba agbára tó tó 1,000 wáàtì nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ojú wa kò sì lè rí rárá. Bí ìdajì irú ojú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá ń ràn wọ inú táǹkì lítà 400, tí ooru náà kò sì rí ibi jáde, wákàtí kan péré ti tó láti fi ìwọ̀n 1°C kún gbígbóná omi náà. Omi tó wà ní 26°C ní aago méjìlá ọ̀sán yóò ti di 30°C ní aago mẹ́rin. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, iyùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ewéko inú ara rẹ̀ jáde, a ó sì rí i tó funfun bí ẹfun.

Èmi fúnra mi ti jìyà èyí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé táǹkì ti fèrèsé kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé ibẹ̀ ló dára jù lójú mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà a wọlé gba abẹ́ kọ́tìnì, a sì máa jó lórí yanrìn, gbogbo àlejò a dúró wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iyùn kan tó rí pẹlẹbẹ bí àwo ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ààlà funfun náà sì tọ́ gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á, níbi tí òjìji férémù fèrèsé dé gẹ́lẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan dígí náà ní aago márùn-ún, ó gbóná bí ike omi tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá tẹnu mọ́ ọn pé fèrèsé ni òun fẹ́, èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni mo ń yàn fún un. Oòrùn àárọ̀ máa ń bá omi nígbà tó ṣì tutù, ìrọ̀lẹ́ a sì bá a nígbà tí gbogbo ilé ti gbóná. Ti gúúsù a máa ya ènìyàn lẹ́nu: ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn wà ní àtàrí, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó bá rẹlẹ̀, yóò na ọwọ́ dé àárín pálọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò bá ẹ̀dá òkun mu. Ẹja máa ń fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ẹ lè rí i tó ń wẹ̀ ní gẹ̀gẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ tí ẹrù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, dígí tó kọjú sí fèrèsé a sì máa hu ewéko yíyọ̀, irú èyí tó ń hù nínú àgbá omi òjò, tí ẹ ó máa ha lọ́jọ́ kejì-kejì.

Òkè ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ohun tí mo fọwọ́ sí jù ni páìpù oòrùn, èyí tí wọ́n ń fi ike rogodo tó mọ́ gaara bíi dígí bò lórí òrùlé, tí inú rẹ̀ ń dán bíi jígí, tó ń gbá ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì títí yóò fi dé àjà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 kò kó oòrùn tó ìdá mẹ́wàá mítà níbùú-lóròó, ooru rẹ̀ kò sì lè dà bíi ti fèrèsé ńlá. Akànlé tó mọ òrùlé dáadáa ni kí ẹ pè, torí omi òjò Houston kò mọ àforíjì, ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín, kí wọ́n má baà kọ ìwé ìtanràn sí yín.

Ẹ má ṣe ṣí ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyùn tó ti ń gbé lábẹ́ iná ilé ìtajà dà bí ẹni tó jáde láti yàrá àìsàn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dúdú tí àwọn olùṣọ́gbà ń lò bo ojú omi ní ìpele méjì, ẹ yọ ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì máa fi PAR meter wọn ibi tí iyùn jókòó sí gan-an, kì í ṣe ojú omi. Nítorí pé oòrùn ní gbogbo àwọ̀, iyùn tó ń tàn yòò lábẹ́ iná búlúù lè dà bí àwọ̀ ilẹ̀ lójú yín. Kò ṣàìsàn. Iná LED búlúù kékeré, tó ń tàn fún wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ́ ojú yín lọ́rùn, yóò sì fi kún ọjọ́ kúkúrú ti oṣù kejìlá. Ìkùukùu ọjọ́ mélòó kan kò sì tó ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ sùn láìfojú kan oorun.

Fáànù tó ń fẹ́ ojú omi máa ń mú un tutù, nítorí pé omi tó bá gbẹ lọ ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Houston lọ́rinrin bíi ti Èkó, kò sì jẹ́ kí omi gbẹ bó ṣe yẹ. Omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi dí èyí tó gbẹ, nítorí pé iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí agbára fáànù kò bá ká a, ẹ̀rọ amómitutù ló kù, òun náà sì lè gba gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́ lórí iná. Mo máa ń ní kí oníbàárà wọn gbígbóná omi fún ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹjọ kó tó ra ohunkóhun.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje 2024, tí iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì lágbègbè yìí, oníbàárà kan tó ní páìpù oòrùn pè mí tayọ̀tayọ̀ ní ọjọ́ kejì pé iyùn òun ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń mi omi náà. Ó dákẹ́. Mo ní kó gbé aṣọ nípọn bo ẹnu páìpù náà kíá, kó fi ife máa bu omi sókè, kó máa dà á padà títí tí màá fi dé, torí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ dúró tó omi tútù, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè gba ẹja tí kò rí èémí mí là. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì rẹ̀ báyìí, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tí mo bá lọ ha dígí.