Bí Wọ́n Ṣe Tẹ Africatown Dó ní Alabama

Nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà, adúláwọ̀ ni wọ́n kọ síwájú orúkọ àwọn tó tẹ Africatown dó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Àmọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo kọ́ ló dá àdúgbò yìí, tó wà ní àríwá ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, Núpé wà, Dendi wà, Fọ̀n náà wà, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kó wọn dé, ọkọ̀ tí kò yẹ kó gbéra rárá.

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀. Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile tó ní oko ńlá tó sì ń kan ọkọ̀ ojú omi, ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó wọn wọlé, ọwọ́ ìjọba ò sì ní tẹ òun. William Foster, tó kan ọkọ̀ Clotilda, ló bẹ̀ níṣẹ́. Foster gbéra ní oṣù kẹta ọdún 1860 pẹ̀lú wúrà 9,000 dọ́là, ó sì gúnlẹ̀ sí Ouidah, èbúté kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní oṣù karùn-ún.

Ọjà ti wà nílẹ̀ dè é. Àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìlú kan ní agbègbè Bantè ni, níbi tí àwọn Ìṣà, ẹ̀yà Yorùbá kan, ń gbé, ní ilẹ̀ tó ti di orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ya wọ̀lú, tọkùnrin tobìnrin wọn ló di ìhámọ́ra. Wọ́n pa ọba ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn tára wọn le lẹ́rú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ wà lára wọn. Oluale Kossola ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ó di Cudjo Lewis. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi há wọn mọ́ ọgbà ẹrú ní Ouidah kí Foster tó wá ṣà wọ́n. Ó ra 125, ṣùgbọ́n bó ti rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, jìnnìjìnnì mú un, ó sá lọ pẹ̀lú nǹkan bí 110.

Ní oṣù keje, òru ni wọ́n wọ omi Mobile. Foster sun ọkọ̀ náà níná kí ẹ̀rí lè pòórá, wọ́n sì fi àwọn èèyàn náà pamọ́ sínú àbàtà. Lẹ́yìn náà, Meaher àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pín wọn mọ́wọ́, Foster mú tirẹ̀, wọ́n sì ta àwọn yòókù. Ìjọba pe Meaher lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì fò lọ. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí tí wọ́n fi kú. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sọ fún wọn pé wọ́n ti dòmìnira. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Wọ́n wá rán Kossola sí Meaher pé, nígbà tó jẹ́ òun ló mú wọn kúrò nílẹ̀ baba wọn, kó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bá pinnu pé àwọn á rà á. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń rù ú lọ tà ní Mobile. Ní 1872, Kossola ra nǹkan bí éékà méjì ní 100 dọ́là, lọ́wọ́ ìdílé Meaher yẹn náà. Charlie Lewis, tóun náà bá Clotilda wá, àtàwọn kan sì pawọ́ pọ̀ ra éékà méje tí wọ́n ń pè ní Lewis Quarters.

Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe olórí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Gumpa ni, tí wọ́n ń pè ní Peter Lee. Ọmọ Dàhòmì ni, ọmọ ilé ọlá níbẹ̀, àwọn èèyàn ọba tó tú ilé Kossola ká. Kossola sọ ọ́ gbangba nígbà tó dàgbà pé àwọn ò bínú sí i, torí kì í ṣe òun ló ṣe wọ́n níbi. Ọba kan náà ló ta gbogbo wọn. Wọ́n fi Charlie Lewis àti Jaba Shade ṣe adájọ́, wọ́n ṣòfin lórí olè jíjà àti ọtí àmupara, wọ́n sì kọ́ ilé wọn lọ́wọ́ ara wọn. Bí èdè ṣe yàtọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ogun ilé ṣe wà láàárín àwọn ìlú tí wọ́n ti wá. Síbẹ̀ wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n ṣe ìlú.

Ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gan-an kò kọ́kọ́ rọrùn. Àwọn yẹn ń fi àwọn ará Africatown ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè wọ́n ní ẹhànnà, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n fi ara wọn ṣe òṣùṣù ọwọ̀, tí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní 1872. Kossola àti ìyàwó rẹ̀ Abile, tí wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀ náà, bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ lórúkọ méjì: ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti ilé. Wọ́n sin gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kossola fúnra rẹ̀ kú ní 1935.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìgbéyàwó so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bébà dé lẹ́yìn 1920, àwọn adúláwọ̀ mìíràn rọ́ wá ṣiṣẹ́, àdúgbò náà sì ní nǹkan bí 12,000 èèyàn láàárín 1960 sí 1970. Ilé iṣẹ́ náà sọ wọ́n di olówó oṣù, ó sì ba afẹ́fẹ́ àti omi wọn jẹ́. Nígbà tó kógbá wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ. Nǹkan bí 2,000 ló kù báyìí, àwọn àrọ́mọdọ́mọ èrò Clotilda sì wà lára wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìjọba Alabama kéde pé àjákù ọkọ̀ tí wọ́n rí nísàlẹ̀ odò Mobile ni Clotilda. Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ṣí Africatown Heritage House, wọ́n sì gbé díẹ̀ lára pákó ọkọ̀ náà síbẹ̀.